Bàbá Ṣúmẹ́kà àti Ọmọ Ajá Tí Wọ́n Sọ Ní Farabalẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn Bàbá Ṣúmẹ́kà, ibi ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Awakọ̀ méjì ló fi mọ́tò họ ara wọn lára níwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ohun tó họ kò ju èékánná lọ, ṣùgbọ́n ariwo tó tẹ̀lé e tó ti ilé tó jó. Ọ̀kan ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, èkejì ti so tiẹ̀ mọ́dìí. Ọlọ́pàá kan tó ń kọjá lọ bọ́ sí àárín wọn, ó gbé ọwọ́ lé èyí tó ń pariwo jù léjìká, ó ní, "Farabalẹ̀."

Kó tó pa ẹnu dé, ọmọ ajá kan já jáde láti inú ṣọ́ọ̀bù bí òkò, bàtà obìnrin kan wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì fò mọ́ ọlọ́pàá láyà. Ọlọ́pàá fi ẹ̀yìn rìn ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Ó ní, "Farabalẹ̀, mo ní kó o farabalẹ̀." Inú ajá wá dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí ẹni tó bá pe èèyàn lẹ́ẹ̀mejì, ìfẹ́ ló ní sí onítọ̀hún. Ó sọ bàtà sílẹ̀, ó gbé fìlà ọlọ́pàá, ó sì gba òpópónà lọ.

Àwọn awakọ̀ gbàgbé ìjà. Àwọn méjèèjì àti ọlọ́pàá ló jọ lé ajá náà yí àdúgbò po, nígbà tí wọ́n sì máa fi rí fìlà gbà, ẹni tó bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì ti ń fi ṣẹ́ẹ̀tì náà bá ẹnìkejì rẹ̀ nu òógùn. Ìgbà yẹn ni Bàbá Ṣúmẹ́kà jáde tòun ti òòlù lọ́wọ́. Gbogbo èèyàn rò pé àforíjì ni wọ́n fẹ́ tọrọ.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá," ni Bàbá wí, "ẹ̀yin lẹ pè é. Ó gbọ́, ó sì dá yín lóhùn. Ọmọ ta ló tún ń jẹ́ ìpè kíákíá báyìí láyé òde òní?"

Ọmọ kan ṣoṣo ni Bàbá Ṣúmẹ́kà bí. Obìnrin ni, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké nílé ẹ̀kọ́ tó wà ní ìparí òpópónà. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bàbá rẹ̀ náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Yàrá méjì tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni bàbá àti ọmọ ń gbé láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti ṣaláìsí. Láti ọjọ́ náà, ọdún mẹ́ta gbáko ni Bàbá fi àgádágodo sẹ́nu ara wọn. Wọ́n á ní "ẹ káàárọ̀" bílẹ̀ bá mọ́, wọ́n á ní "ó ti tán" bí bàtà bá ti tán, kò tún sí gbólóhùn kẹta. Tíṣà a máa jókòó tì wọ́n nírọ̀lẹ́, a máa wá ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu bí ẹni ń fa omi nínú kànga gbígbẹ.

Lọ́jọ́ kan ni Bàbá na ọwọ́ sí bàtà búùtù bíríkìlà kan tó ń dúró de àtẹ́lẹsẹ̀ tuntun, búùtù náà sì fi ahọ́n lá wọn lọ́wọ́.

Ọmọ ajá kan ló wọnú rẹ̀ lọ sùn. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tó ti wá. Bàbá gbé e dání lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n bèèrè olówó rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń kọjá, wọ́n sì rọra ń bèèrè, kẹ́nikẹ́ni má baà gbọ́.

"Bàbá," ni Tíṣà wí, "ṣé ọmọ ajá lẹ fẹ́ wá máa tọ́ lẹ́ni ọdún méjìdínláàádọ́rin?"

"Ìwọ náà, èmi ni mo tọ́ ọ. Kí ló kù tí ojú mi ò tíì rí?"

Bàbá ní orúkọ ló ń ro ọmọ, nítorí náà Farabalẹ̀ ni ajá yìí yóò máa jẹ́. Nígbàkígbà téèyàn bá ti pè é, ó ti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọgbọ́n yìí kò burú, àfi pé bisikí ni wọ́n ń mú dání bí wọ́n bá ń pè é. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ ajá náà ti mọ̀ dájú pé nínú èdè ọmọ èèyàn, ìtumọ̀ farabalẹ̀ ni kéèyàn sáré, kó fò sókè, kó sì la ẹnu.

Ìyá Onílé ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bàtà dúdú kan tí wọ́n fẹ́ràn ju gbogbo bàtà wọn lọ ni wọ́n mú wá fún àtúnṣe. Farabalẹ̀ jẹ ti òsì. Kì í jẹ ti ọ̀tún, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀ títí dòní. Nígbà tí Ìyá Onílé sọ̀ kalẹ̀ wá gba bàtà wọn, Bàbá Ṣúmẹ́kà gbé èyí tó kù fún wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀tún bó ṣe ń dán."

Ìyá Onílé kò wo ọ̀tún. "Oṣù méjì ni mo fún yín," ni wọ́n wí. "Bó bá pé oṣù méjì, màá gbé abọ́ ẹran kọjá níwájú ajá yìí. Bó bá jókòó jẹ́ẹ́ títí mo fi kọjá, kó máa gbé. Bí kò bá jókòó, ẹ wá ilé mìíràn fún un."

"Oṣù kan ti tó," ni Bàbá wí.

Tíṣà tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀.

"Ó dáa, ẹ jẹ́ kó jẹ́ méjì, kẹ́ ẹ má baà ní mo kánjú."

Nígbà tí Ìyá Onílé gòkè lọ tán, Tíṣà ń wo bàbá rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ìgbà mẹ́rin ni òwú náà tàsé. Ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ọjọ́ tí ajá yìí bá jáde nílé, àgádágodo á tún padà sẹ́nu Bàbá, kò sì sẹ́ni tó mọ bóyá wọ́n á tún rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀dù kékeré Tíṣà ni Bàbá kọ́kọ́ yá, wọ́n fi ẹfun kọ JÓKÒÓ gàdàgbà sí i, wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ fún wákàtí kan. Ajá náà fetí sílẹ̀ títí eṣinṣin kan fi bà sára fèrèsé, ló bá lé e lọ. Nígbà tó padà dé, ó lá JÓKÒÓ nù kúrò lórí bọ́ọ̀dù.

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, Bàbá," ni Tíṣà wí. "Àwọn ọmọ ọdún márùn-ún tí mò ń kọ́ pàápàá, ọkàn wọn kì í dúró ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bó bá ti ṣe dáadáa, ẹ yìn ín lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó lọ ṣeré kó tó sú u."

"Ìṣẹ́jú mẹ́ta? Èmi kì í kí èèyàn tán ní ìṣẹ́jú mẹ́ta."

Tíṣà rántí pé láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Bàbá kì í lò tó ìṣẹ́jú kan lórí ìkíni kankan.

Bàbá tún ní ìwé tí wọ́n fi ń pe orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ wọn láràárọ̀. Tíṣà yọ́ ọ wò lọ́jọ́ kan. Lábẹ́ Ọjọ́ Ajé, wọ́n kọ ọ́ pé: "Ó wá. Labalábá kan kọjá. Ó lọ." Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: "Ó wá. Ewé kan já bọ́. Ó lọ." Ọjọ́rú: "Ara rẹ̀ wá, ọkàn rẹ̀ ò wá." Ọjọ́bọ̀: "Ó rí ìrù ara rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò sí kíláàsì."

Bàbá wá ronú pé ojú ló ń fa gbogbo wàhálà. Wọ́n gé awọ rírọ̀ méjì, wọ́n rán wọn mọ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n sì so ó mọ́ ajá lórí, awọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kọ̀ọ̀kan, kó má baà rí nǹkan kan yàtọ̀ sí iwájú. Ajá náà dúró, ó ronú díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn kó lè máa rí ohun tí wọ́n fi pa mọ́ fún un. Nígbà tílẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọn ò rí awọ náà mọ́. Tíṣà ní ajá ti jẹ ẹ́.

Bàbá bẹ̀rẹ̀, wọ́n wo abẹ́ tábìlì. "Gbogbo rẹ̀ ló jẹ? Kò ṣẹ́ kù rárá?" Inú wọn dùn débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ìwọ náà rí i pé ojúlówó awọ ni mo lò."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti lọ. Tíṣà jókòó ti bàbá rẹ̀ lórí àpótí ìránbàtà. "Bàbá, ajá yìí kò mọ èèyàn. Ẹ̀yin àti èmi nìkan ló ń rí. Ajá tí kò bá mọ èèyàn, gbogbo ẹni tó bá rí ni yóò máa fò mọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ máa mú un jáde, kó kí tibí, kó kí tọ̀hún, kó gbọ́ ariwo, kó má jẹ́ nǹkan tuntun létí rẹ̀ mọ́."

"Ta ni yóò mú un jáde?"

"Ṣé èmi tí mo wà níbi iṣẹ́ ni?"

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá gbé ọmọ ajá náà sínú àpò bàtà, orí rẹ̀ yọ sókè, wọ́n sì rìn kọjá sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó kọjú sí tiwọn. Ìgbésẹ̀ méjìlá ni, ọdún mẹ́ta ni wọn ò sì ti gbé e.

"Ẹ kú iṣẹ́," ni Bàbá wí. "Èyí ni Farabalẹ̀."

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Oníbàárà kan wà lórí àga, wọ́n ti fá ìdajì orí rẹ̀. Ajá fò jáde nínú àpò, ó gbá etí aṣọ funfun tí wọ́n so mọ́ ọkùnrin náà lọ́rùn mú, ó sì fa á. Okùn rẹ̀ kò tú. Ajá tẹ̀ síwájú, aṣọ tẹ̀ lé ajá, ọkùnrin náà tẹ̀ lé aṣọ, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ wọ ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì. Oníbúrẹ́dì ní nígbà tóun rí irun náà, òun rò pé irú irun tó lòde báyìí nìyẹn, òun ti ń palẹ̀ mọ́ láti bèèrè ẹni tó gé e.

"Ojú ló ń tì í," ni Bàbá sọ fún onígbàjámọ̀ nípa ajá náà. "Kò tíì mọ̀ yín dáadáa ni. A óò padà wá lọ́la."

Wọ́n padà lọ lọ́la, wọ́n sì padà lọ lọ́túnla. Ẹni tó bá sì ṣẹ èèyàn kò lè kàn yí ẹ̀yìn padà. Ó gbọ́dọ̀ jókòó, kó bẹ̀bẹ̀, kó bèèrè ìdílé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Bàbá ti mọ orúkọ gbogbo ọmọ oníbúrẹ́dì àti eyín tó ń dun ìyá rẹ̀. Tíṣà dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, ó bá ṣọ́ọ̀bù ní títì, ìwé pélébé kan sì wà lára ilẹ̀kùn: "Mo wà ní kíláàsì." Ó wo òdìkejì òpópónà. Bàbá rẹ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì onígbàjámọ̀, wọ́n ń ju ọwọ́ méjèèjì, wọ́n ń sọ̀rọ̀, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín, ajá sì dùbúlẹ̀ lábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó ń jẹ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì náà. Tíṣà fara pa mọ́ sẹ́yìn òpó iná, ó ka gbólóhùn bàbá rẹ̀. Ó ka mọ́kànlélógún kí wọ́n tó mí. Kò yọjú sí wọn. Ó wọlé lọ dáná.

Ọjọ́ ìdánwò pé. Ìyá Onílé fi ẹfun fa ìlà méjì sí ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀: ibí ni wọ́n yóò ti gbéra, ọ̀hún ni wọ́n yóò parí sí. Onígbàjámọ̀ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wá, oníbúrẹ́dì wá tòun ti ìyẹ̀fun lápá. Bàbá Ṣúmẹ́kà wọ bàtà tó dára jù.

"Jókòó," ni wọ́n wí.

Ajá jókòó.

Ìyá Onílé gbé abọ́ ẹran, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Alángbá kan sáré lórí ògiri. Farabalẹ̀ wò ó, ìdí rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Ewé kan fẹ́ wọlé. Ó wò ó, ìdí rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Tíṣà di ẹnu ara rẹ̀ mú. Bàbá kò mí mọ́, òógùn ń ṣẹ́ wọn lójú, àánú wọn sì ṣe onígbàjámọ̀ gan-an. Ó gbọ́wọ́ lé wọn lẹ́yìn, ó rọra sọ fún wọn pé, "Ẹ farabalẹ̀, Bàbá."

Ẹran fò lọ sókè. Abọ́ fò tẹ̀ lé e. Ìyá Onílé jókòó sílẹ̀ lójijì, ajá wà lórí itan wọn, ó ń lá ọbẹ̀ kúrò ní ìgbọ̀nwọ́ wọn. Onígbàjámọ̀ ń wá ibi tí yóò wọ̀ sí.

"Ẹ dákún, kẹ́nikẹ́ni má mira," ni Bàbá Ṣúmẹ́kà wí. Wọ́n yọ okùn ìwọnsẹ̀ láti àpò, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n wọn ilẹ̀. "Àdéhùn wa ni pé kó jókòó títí ẹ ó fi kọjá. Gìgísẹ̀ yín rèé. Ìlà rèé. Ẹ ti fi ìka mẹ́ta kọjá."

"Ìdí mi ńkọ́? Ìdí mi ò kọjá."

"Ìdí kọ́ la fi ń rìn, ìyá."

Wọ́n jiyàn ọ̀rọ̀ ìdí àti gìgísẹ̀ títí oníbúrẹ́dì fi rántí pé búrẹ́dì wà nínú iná. Níkẹyìn, Ìyá Onílé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín nílẹ̀ tí wọ́n jókòó sí, wọn ò sì lè dá a dúró. "Ọdún mẹ́ta," ni wọ́n wí nígbà tí wọ́n rí èémí fà, "ẹ kì í dá mi lóhùn ju 'ẹ káàárọ̀' lọ. Mo ti rò pé lọ́jọ́ kan, a ó kàn bá yín lórí àpótí yẹn ni. Kí ajá máa gbé. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣe bàtà òsì."

Ọdún mẹ́rin ni Bàbá tún lò sí i. Àìsàn tó mú wọn lọ kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, wọn ò sì jẹ̀rora púpọ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé ìsìnkú, Tíṣà so okùn mọ́ ajá lọ́rùn, ó ní òun ò ní lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ajá wọ́ ọ tààrà sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Oníbúrẹ́dì náà wà níbẹ̀. Wọ́n kí i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn ìkíni. Nígbà náà ni onígbàjámọ̀ wo ẹsẹ̀ Tíṣà.

"Bàtà yẹn rèé," ló wí.

Bàtà aláwọ̀ pupa rúsúrúsú ni, èyí tí Bàbá gbé fún un lọ́jọ́ tí wọ́n fi í ṣe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Tíṣà ní, "Bàbá ló rán an fún mi. Wọ́n ní awọ tó ṣẹ́ kù níbi iṣẹ́ ni."

Onígbàjámọ̀ àti oníbúrẹ́dì wo ara wọn.

"Awọ tó ṣẹ́ kù kẹ̀?" ni oníbúrẹ́dì wí. "Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi gbé oríṣi awọ mẹ́fà yí àdúgbò yìí ká. Wọ́n dá búrẹ́dì mi dúró kí n lè wá wò ó ní gbangba oòrùn."

"Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é ní aláwọ̀ ewé," ni onígbàjámọ̀ wí, "ni wọ́n bá lé mi dìde lórí àga ara mi. Wọ́n ní mi ò mọ ọmọ àwọn. Wọ́n ní Tíṣà tí gbogbo ìlú ń wò, ṣé ewé ni kó wọ̀?"

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Tíṣà, ó rín in títí ó fi ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó sì ń nu ojú náà lọ lẹ́yìn tí ẹ̀rín ti tán. Ní àárín òpópónà, ẹyẹ kan bà sílẹ̀, ajá sì na okùn dé òpin. Tíṣà so okùn náà mọ́ ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú kó lè máa rí bàtà náà.

"Ẹ sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀," ló wí. "Àwọ̀ wo ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wá?"

Onígbàjámọ̀ pa ẹ̀rọ ìfárí rẹ̀, ó sì fa àga sún mọ́ ọn.