Pupa Inú Áńkáṣíìfù Bàbá Mi

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé, tí owó epo ń sọ Libreville di ìlú ilé gogoro, bàbá mi ń ta aṣọ ní ọjà Mont-Bouët. Ará Ọ̀yọ́ ni, mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré, tí kì í sì í fi obì gbàǹja ṣeré rárá. Bí ẹ bá rí i tí kò ní obì lẹ́nu, ẹ mọ̀ pé oorun ló ń sùn. Gbogbo áńkáṣíìfù rẹ̀ ló ní àbàwọ́n obì, èmi ni mo sì ń fọ̀ wọ́n.

Lọ́dún kan, òjò pa á ní èbúté Owendo níbi tó ti lọ gba ẹrù. Òtútù mú un, ikọ́ tẹ̀lé e. Òtútù lọ, ikọ́ ò lọ. Báyìí ni oṣù ààwẹ̀ bá wa.

Lọ́jọ́ kẹta ààwẹ̀, oòrùn ò tíì wọ̀ tó fi ti ìsọ̀ dé, tó ju áńkáṣíìfù tó mú jáde láàárọ̀ sínú abọ́ ìfọṣọ. Mo tú u, mo rí pupa. Háà! Bàbá mi ń jẹ obì nínú ààwẹ̀! Ojú tì mí bí ẹni pé èmi ni mo jẹ ẹ́. Mo yára fọ̀ ọ́ kí màmá mi tó rí i. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni mo fi bò ó láṣìírí. Ẹ̀yin ọmọ mi, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Lọ́jọ́ keje, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má jẹ obì mọ́ nínú ààwẹ̀. Ọlọ́run ń wò yín.”

Ó lanu sílẹ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín fa ikọ́, ikọ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, lójú èmi àti màmá mi.

“Obì kọ́, ọmọ mi,” ló wí.

Màmá mi ò pariwo. “Láti ìgbà wo?”

“Ikọ́ ife ni wọn ó pè é. Ta ni yóò tún wá ra aṣọ lọ́wọ́ mi ní marché?”

“Ẹni tó bá kú, ṣé ó ń tajà ni? Ẹ dìde, hôpital là ń lọ.”

Wọ́n ya fọ́tò àyà rẹ̀, wọ́n yẹ itọ́ rẹ̀ wò. Kì í ṣe ikọ́ ife. Òtútù ọjọ́sí ló sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Dókítà ní ká ní ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n fi ń gún un lábẹ́rẹ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an lọ́jọ́ mẹ́wàá yẹn, torí ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ bàbá mi dànù.

Ara rẹ̀ yá. Láti ìgbà náà, bó bá ti wúkọ́, á tẹ́ áńkáṣíìfù síwájú mi: “Àlùfáà mi, wò ó dáadáa.”

Lóde òní, ilé oògùn ò jìnnà sí wa ní àdúgbò PK12 níbí, kò sì sí ẹni tó ń fọ áńkáṣíìfù mọ́. Ìwé pélébé la fi ń nu imú, a ó ká a, a ó jù ú nù. Ó mọ́ ju tiwa lọ, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí mo bá wúkọ́, mo máa ń tẹ́ tèmi síwájú àwọn ọmọ-ọmọ mi. Wọ́n á ké pé, “Mémé, c'est sale!” Pé ìyá àgbà, ó dọ̀tí. Ẹ ké títí. Ẹ ṣáà wò ó kí ẹ tó jù ú nù.