Àmín Tí Wọ́n Kà Sí Ìbò

Ó ti di ọdún méjì báyìí tí a pàdánù ìbò kan ní ilé-ìwé aládàáni tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Mafoluku. Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní yunifásítì, bí ẹ bá rò pé ìgbà tí wọ́n bá gbé àpótí sá lọ nìkan ni wọ́n ń jí ìbò, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Kò sí àpótí níbẹ̀, kò sí jàǹdùkú. Àdúrà ni wọ́n fi jí tiwa.

Olùkọ́ bàọ́lọ́jì wa nígbà náà ni Àlàájì Bùsárì, àgbàlagbà tí kì í jẹ́ kí ìrun kan fo òun. Èmi ni igbákejì rẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àgùnbánirọ̀ ni. Ó kọ́ àwọn ọmọ débi tí ìwé ti sọ bí àwọn ohun abẹ̀mí ṣe ń yí padà díẹ̀díẹ̀ láti ìran dé ìran, èyí tí wọ́n ń pè ní ẹfolúṣọ̀n. Ọmọ kan délé, ó ní Àlàájì sọ pé ọ̀bọ ló bí àwọn. Àlàájì kò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ tó parí, alága ẹgbẹ́ òbí àtolùkọ́, tí í ṣe pásítọ̀, ti pe ìpàdé: kí àwọn òbí dìbò bóyá kí orí ìwé náà, orí kẹwàá, kúrò, kí Àlàájì náà sì bá a lọ.

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi rìn, láti Àjàó Estate dé gbogbo ojúlé Mafoluku, mò ń bẹ àwọn òbí. Mo ń bẹ̀rù kí wọ́n má pè mí ní aláìgbàgbọ́, bẹ́ẹ̀ èmi náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì máa ń tètè sọ bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi mí. Ìyá Ràfíù, aránṣọ kan, ló kọ́kọ́ fi mí lọ́kàn balẹ̀.

"Àǹtí Ṣadé, jókòó jàre. Àlàájì yẹn ló kọ́ Ràfíù mi tó fi wọ yunifásítì. Ọ̀bọ ni o, ìnàkí ni o, ọwọ́ mi á wà lókè."

Kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, mo mọ̀ pé àwa la pọ̀ jù.

Lọ́sàn-án Sátidé ìpàdé náà, alága gbé fóònù rẹ̀ sókè. "Ẹ wo èyí. Ṣé òun ló to ara rẹ̀? Bí fóònù bá ní ẹni tó ṣe é, èèyàn ńkọ́?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àlàájì dìde. "Alága, fóònù kì í bímọ. Ohun tó ń bímọ, tí ọmọ kì í sì í jọ bàbá tán, òun là ń sọ. Mi ò ní kò sí Ẹlẹ́dàá. Òun ni mo kírun sí láàárọ̀ yìí."

"Àlàájì, èwo nínú àwọn bàbá yín ni ọ̀bọ?" Bàbá kan ló pariwo láti ẹ̀yìn.

"Ará Ìsẹ́yìn ni bàbá mi, aṣọ òfì ló ń hun. Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Bàbá náà pàápàá rẹ́rìn-ín. Mo rò pé a ti ṣẹ́gun.

Alága wá ní ká dìde, ká gbàdúrà ká tó nawọ́. Ta ni yóò kọ̀? Ní tiwa, bí wọ́n bá ṣàdúrà tí o kò ṣe àmín, bí ẹni pé o gégùn-ún fún ara rẹ ni. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn.

"Ẹ̀kọ́ tó fẹ́ ba ayé àwọn ọmọ wa jẹ́, Olúwa, mú un kúrò láàárín wa!"

"Àmín!"

"Àlàájì wa, ṣílẹ̀kùn tó tóbi ju èyí lọ fún un níbòmíràn!"

"Àmín!"

Mo ṣe é. Ìyá Ràfíù ṣe é. Àlàájì pàápàá ṣe é, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì ra ojú.

Alága lajú, ó kọjú sí akọ̀wé. "Kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo ilé ló fọwọ́ sí i."

"A ò tíì dìbò, sà!" Èmi ni mo nawọ́ sọ ọ́.

"Ọmọ mi, ṣé ìwọ kọ́ lo ṣe àmín lẹ́ẹ̀mejì yẹn? Àbí o fẹ́ lọ gbà á padà lọ́wọ́ Ọlọ́run?"

Àáfà kan, òbí bíi tiwọn, tó jókòó tì í, mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Àmín kò ṣeé dá padà." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí àwọn méjèèjì fẹnu kò.

Mo yíjú sí Ìyá Ràfíù. Ilẹ̀ ló ń wò. "Àǹtí Ṣadé, ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Mi ò lè yẹ àdúrà."

Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tó ṣe mí dáadáa. Ojú tì mí, inú bí mi, ṣùgbọ́n èyí tó burú jù ni pé ẹ̀rù àmín náà ba èmi gan-an. Mo kàwé títí, síbẹ̀ mi ò lè ṣí ẹnu lẹ́ẹ̀kejì. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́.

Kí la jèrè? Àlàájì ń kọ́ àwọn ọmọ mélòó kan nílé rẹ̀ ní Ailegun, kò sì fo ojú ìwé kankan. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí a pàdánù pọ̀: láti ọjọ́ náà, àmín ni alága fi ń parí gbogbo ìpàdé, kò sí ẹni tó tún bèèrè ìbò. Gbèsè tó kù tí mo jẹ, Àlàájì ni mo jẹ ẹ́, nítorí èmi ni wọ́n gbé kíláàsì rẹ̀ fún, mo sì gbà á. Mo sọ fún ara mi pé màá rọra kọ́ wọn ní orí ìwé náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a parí orí kẹsàn-án. Mo ní kí wọ́n ṣí orí kọkànlá. Ọmọbìnrin kan nawọ́.

"Àǹtí, ẹ fo orí kẹwàá."

"Mo mọ̀."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

Gbogbo kíláàsì ń wò mí lẹ́nu. Mo ní kí wọ́n ṣí orí kọkànlá.