Télọ̀ Tó Wọn Ọmọ Ẹja Kó Tó Ra Páìpù

Kò sí ìyá ọlọ́mọ kan ní Isikan tí kò mọ Kìtán Télọ̀. Yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé ni iṣẹ́ rẹ̀, ohun tó sì fi lórúkọ ni pé kì í rán aṣọ ṣe déédéé ara ọmọ láéláé. Tí ìyá bá mú ọmọ wá, Kìtán á wọn ọmọ náà tán, á wá tẹjú mọ́ ìyá láti orí dé ẹsẹ̀ kó lè mọ bí ọmọ náà ṣe máa ga tó, ìgbà yẹn ló tó mú àlùmọ́gàjí. Á ká etí síkẹ́ẹ̀tì sínú, á ká ẹnu apá sínú, á fi àyè sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́. Bí ọmọ bá ga sí i, wọ́n á gbé aṣọ padà wá, Kìtán á tú etí rẹ̀ sílẹ̀, ọmọ á sì máa wọ̀ ọ́ lọ. Àwọn télọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa bínú pé ó ń ba ọjà jẹ́. Òun náà a sì bi wọ́n léèrè pé ṣé kí òun wá bẹ ọmọ ọlọ́mọ kó má dàgbà mọ́ ni.

Ọkùnrin tó ní làákàyè tó báyìí ló wá ṣe ohun tí ẹ fẹ́ gbọ́ yìí.

Oǹdó ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti di ará Àkúrẹ́. Bọ́lánlé, ìyàwó rẹ̀, ọmọ Isikan pátápátá, ló dá a dúró síbẹ̀. Wọ́n jọ kọ́ ilé kékeré kan sí Ọ̀bà-Ilé, wọ́n bí Bùkọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wọn, Bùkọ́lá náà dàgbà, ó lọ sílé ọkọ ní Ìbàdàn. Gbogbo nǹkan ń lọ wẹ́rẹ́ títí ojú Kìtán fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Kó tó ki òwú bọ ihò abẹ́rẹ́ ti di wàhálà. Nígbà tó yá, ó kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kúrò ní Isikan wá sílé, ó ní àtúnṣe aṣọ nìkan lòun á máa ṣe fún àwọn ará àdúgbò.

Ni Bùkọ́lá bá bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n lórí fóònù. Yàrá wà nílé òun, ó ní kí àwọn méjèèjì máa bọ̀ ní Ìbàdàn, kí wọ́n wá jókòó ti àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Inú Bọ́lánlé dùn sí ọ̀rọ̀ yìí gidigidi, nítorí ọkàn rẹ̀ ń fà sí àwọn ọmọ yẹn tọ̀sán-tòru. Kìtán ní tirẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ẹ̀rù ló ń bà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń fojú inú wo ara rẹ̀ lórí àga nílé ọkọ ọmọ rẹ̀, tí wọ́n ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, tí kò sì sí ẹyọ iṣẹ́ kan tí ẹnikẹ́ni ń retí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ló bá ronú kan adágún ẹja. Àyè wà lẹ́yìnkùlé, omi kànga wọn kì í gbẹ, ẹja àrọ̀ sì ń tà ní Àkúrẹ́ bí ẹni ń jà á gbà. Ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Bọ́lánlé fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán.

Ó ní, “Mo gbọ́, Bàbá Bùkọ́lá. Ẹ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo mọ bí adágún ẹja ṣe ń rùn tí wọn ò bá tọ́jú rẹ̀. Bùkọ́lá ń bọ̀ wá ṣe Àjíǹde. Tó bá dé, tí ẹ̀yìn ulé mi bá ń rùn, màá bá a wọkọ̀ lọ. Ẹ lè jókòó ti ẹja yín.”

Kìtán rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó rí i lójú rẹ̀ pé kò bá òun ṣeré. Obìnrin yìí kì í sọ ohun tí kò ní ṣe. Bó bá ní òun ń lọ, ó ń lọ náà nìyẹn, yóò sì ku òun nìkan nínú ilé tí àwọn méjèèjì jọ kọ́.

Kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó wọkọ̀ lọ sí Oǹdó lọ bá Gbémiga, ọmọ àbúrò bàbá rẹ̀ tó ń sin ọmọ ẹja tà. Àwọn oníbàárà pọ̀ lọ́rùn Gbémiga lọ́jọ́ náà, ó kàn ju ọwọ́ síbi tí bẹ́ẹ̀sìn wà ni, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun máa wò ó ná. Kìtán bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó rí àwọn ọmọ ẹja tó ń ṣe wìrìwìrì nínú omi, dúdú, tínínrín, kò sí èyí tó gùn tó ìka ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ará mi, kí ni bàbá yìí ṣe? Ó fa téèpù yọ lọ́rùn, ó mú ọmọ ẹja kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó wọn gígùn rẹ̀, ó wọn ìbú rẹ̀, ó tilẹ̀ yí téèpù po ó níkùn bí ẹni fẹ́ rán kaba fún un. Àwọn oníbàárà Gbémiga ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé ó ń dá àpárá ni.

Kì í ṣe àpárá. Bó ṣe padà dé Àkúrẹ́, ṣọ́ọ̀bù onípáìpù ló gbà lọ tààrà, ó sì ra páìpù tó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ínṣì kan ààbọ̀, irú èyí tí wọ́n ń lò sídìí ọpọ́n ìfọwọ́.

Stephen ni púlọ́ńbà tó pè. Bíríkìlà ti mọ ògiri adágún náà tán, ó ku ilẹ̀ rẹ̀ àti ọ̀nà tí omi máa gbà jáde. Stephen gbé páìpù náà lọ́wọ́, ó wò ó síwá sẹ́yìn.

“Bàbá, ṣé èyí tí omi máa gbà wọlé nìyí?”

“Èyí tó máa gbà jáde ni.”

“Háà. Ínṣì mẹ́rin la máa ń lò fún tẹja o, bàbá.”

“Ínṣì mẹ́rin kẹ̀! Ẹja tí kò tó ìka mi? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa yan jáde lẹ́nu páìpù bí ọmọ ilé ìwé tó jáde ìsinmi ni? Mo ti wọ̀n wọ́n, Stephen. Ẹni tí mo bá wọ̀n ti wọ̀n nìyẹn.”

Stephen ní nẹ́ẹ̀tì wà tí wọ́n fi ń dí ẹnu páìpù. Kìtán ní nẹ́ẹ̀tì á já. Stephen bojú wo Bọ́lánlé bóyá yóò bá òun dá sí i, ṣùgbọ́n Bọ́lánlé ń ṣa ẹ̀wà tirẹ̀ lọ. Kò fẹ́ kí wọ́n wá sọ lẹ́yìn ọ̀la pé òun lòun ba iṣẹ́ náà jẹ́. Stephen ri páìpù ínṣì kan ààbọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ adágún, ó fi símẹ́ǹtì dì í, ó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ó sì lọ.

Níbẹ̀rẹ̀, ayọ̀ ni. Wọ́n kó ọmọ ẹja dé láti Oǹdó, kò sí ọ̀kan tó sá lọ. Kìtán ń bọ́ wọn, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, ó ń pe àwọn aládùúgbò wá wò ó. Ṣùgbọ́n ẹja ń jẹun, ẹja ń yàgbẹ́, oúnjẹ tí wọn kò jẹ tán ń rì sísàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń tóbi sí i ni ìdọ̀tí wọn náà ń pọ̀ sí i. Bí Kìtán bá ṣí páìpù kó lè pààrọ̀ omi, omi á máa sun tìẹ̀tìẹ̀ bí ìtọ̀ ọmọdé, kò lágbára tí yóò fi gbá ìdọ̀tí dání. Omi òkè á lọ díẹ̀, ẹrẹ̀ á jókòó sílẹ̀. Nígbà tó yá, ẹrẹ̀ náà wọ inú páìpù, ó dí i pa. Ó fi igi gún un, ó fi wáyà gún un, kò gbọ́. Omi adágún di aláwọ̀ ewé, àwọn ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹnu sókè láti mí, òórùn náà sì dé.

Òórùn ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Bọ́lánlé ti fèrèsé ilé ìdáná, èyí ló dun Kìtán jù. Ìbá tẹ́ ẹ lọ́rùn kó bú òun. Àjíǹde sì ń sún mọ́lé.

Àárín èyí ni Àlàájà Hameedat wọlé. Aládùúgbò wọn ni, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń ta gàrí lọ́jà, ọ̀rẹ́ Bọ́lánlé ni pẹ̀lú. Ilẹ̀ rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ tiwọn, ibẹ̀ ló gbin ẹ̀fọ́ ugu sí. Ó fi ìborùn bo imú, àmọ́ ọmọlúàbí ni, ó ṣe bí ẹni pé ọ̀fìnkìn ló ń ṣe òun. Yúnífọ́ọ̀mù ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló gbé lọ́wọ́.

“Bàbá Bùkọ́lá, ẹ bá mi tú etí aṣọ yìí sílẹ̀. Ọmọ náà ti ga, orúnkún rẹ̀ ti wà níta. Ọlọ́run ló ní kí n gbé e wá sọ́dọ̀ yín níjọ́sí. Ẹlòmíì ìbá ti rán an mọ́ ọn lára.”

Kìtán gba aṣọ, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú òwú etí rẹ̀. Aṣọ tó ká sínú ń yọ jáde, ó mọ́ tónítóní. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo aṣọ. Ó wo ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé.

Ó ní, “Bọ́lánlé! Wá gbọ́ o. Gbogbo ọmọ ayé yìí ni mo ń fi àyè sílẹ̀ fún. Ẹja nìkan ni mo rán aṣọ mọ́ lára!”

Bọ́lánlé yọjú, kò kọ́kọ́ mọ ohun tó ń sọ. Nígbà tó yé e, ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, Àlàájà náà bú sẹ́rìn-ín, ó sì gbàgbé ọ̀fìnkìn rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹ̀rín máa wọ ilé náà láti ìgbà tí omi ti bàjẹ́.

Ọjọ́ kejì ni Stephen dé. Kìtán kò fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀, ó ní òun ló jẹ̀bi, ínṣì mẹ́rin ni kó rì mọ́ ọn. Stephen rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé búlọ́ọ̀kù, ó wá ní òun náà jẹ̀bi, torí òun mọ̀ pé kò ní ṣiṣẹ́, òun sì gba owó. Wọ́n kó àwọn ẹja sínú dírọ́ọ̀mù, wọ́n fọ́ igun adágún níbi tí ilẹ̀ rẹ̀ ti rẹlẹ̀ jù, wọ́n ri páìpù ńlá mọ́ ọn. Lóde, Stephen fi ẹ́líbò, ìsopọ̀ páìpù tó tẹ̀ bí ìgúnpá, gbé ẹnu páìpù náà dúró ṣánṣán kí omi má baà jáde. Bí wọ́n bá fẹ́ da omi nù, wọ́n á kàn dà á dùbúlẹ̀ ni. Àlàájà fúnra rẹ̀ ló fi ọkọ́ la ọ̀nà omi láti ibẹ̀ lọ sídìí ugu rẹ̀, ó ní omi ẹja kò gbọ́dọ̀ ṣòfò.

Ó wá ku nẹ́ẹ̀tì. Kìtán kò gbà kí wọ́n kàn so ó mọ́ ẹnu páìpù. Ó fẹ́ rán an bí àpò, kó bá ẹnu páìpù mu rẹ́gí, kó sì ṣeé tú pààrọ̀ sí olójú ńlá bí ẹja bá ṣe ń tóbi. Ṣùgbọ́n òwú kọ̀, kò wọ abẹ́rẹ́. Ó gbé e sókè sí ojú oòrùn, ó fi ẹnu lá a, òwú gba ẹ̀gbẹ́ ihò kọjá. Bọ́lánlé gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ki òwú náà bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dá a padà fún un. Lẹ́yìn náà kò dìde mọ́. Ó jókòó tì í, ó ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ fún un títí nẹ́ẹ̀tì náà fi parí.

Nígbà tí símẹ́ǹtì gbẹ tán, tí àwọn ẹja sì ti lo ọjọ́ díẹ̀ nínú omi tuntun, Kìtán pe gbogbo wọn jáde. Ó di páìpù ìta mú, ó dà á dùbúlẹ̀. Omi ya sínú ọ̀nà tí wọ́n là fún un pẹ̀lú ariwo, ó gbé ẹrẹ̀ dúdú dání, gbogbo ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ ń sáré lọ sídìí ugu. Àlàájà ń pàtẹ́wọ́. Kìtán sáré lọ wo inú adágún, àwọn ẹja ń rọ́ lu ara wọn nínú omi tó kù, gbogbo wọn pé. Ó pariwo bí ọmọdé. Inú rẹ̀ dùn débi pé bàtà rẹ̀ rì sínú ẹrẹ̀, kò mọ̀.

Láti ọjọ́ náà, wọn kò jẹ́ kí omi pẹ́ kí wọ́n tó pààrọ̀ rẹ̀. Òórùn lọ. Fèrèsé ilé ìdáná di ṣíṣí padà. Bọ́lánlé bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí bíbọ́ wọn, ó ní ọkọ òun máa ń da oúnjẹ sójú kan, àwọn alágbára á jẹ ẹ́ tán, àwọn tó kéré á máa wò.

Ọjọ́ kejì Àjíǹde, Bùkọ́lá gbé mọ́tò rẹ̀ wọ ọgbà. Kìtán kí i, ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ṣeré, ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ó ti mú àdéhùn tirẹ̀ ṣẹ. Bọ́lánlé ní tirẹ̀ kò tíì sọ̀rọ̀, òun náà kò sì lè bi í, nítorí ó mọ bí ìyàwó òun ṣe fẹ́ràn àwọn ọmọ yìí tó. Nígbà tó di ọ̀sán, Bùkọ́lá ṣí búùtù mọ́tò.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká máa palẹ̀ mọ́. Ẹrù yín dà?”

Ẹ̀yìnkùlé ni Bọ́lánlé wà. Ó ti ká ìró rẹ̀ sókè, ó ń fọ́n oúnjẹ yí adágún ká, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ kó lè dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn.

“Ẹrù wo?” ló dáhùn, kò sì yíjú. “Ẹ̀yin lẹ máa máa kó àwọn ọmọ yẹn wá tí wọ́n bá gba ìsinmi. Bàbá yín ò ríran dáadáa mọ́, kò mọ èyí tó ti jẹ nínú àwọn ẹja yìí àti èyí tí kò tíì jẹ. Ta ni mo fẹ́ fi wọ́n lé lọ́wọ́?”

Kìtán wà lẹ́yìn ògiri adágún níbẹ̀. Ó yára bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di páìpù ńlá náà mú, ó ń tún un ṣe, ó ń tún un ṣe, páìpù tí kò bàjẹ́, kí ọmọ rẹ̀ má baà rí omijé lójú rẹ̀.