Tuntun Méjì

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà irinwó ni owó tí Ẹnu-Oyin jẹ olùkọ́ rẹ̀ àtijọ́. Kò sí ìwé kankan tí wọ́n kọ gbèsè náà sí. Òun nìkan ló kọ́kọ́ mọ̀ pé òun jẹ ẹ́.

Mọ́tò ló ń tà. Ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé nínú ilé ìtajà onígíláàsì kan. Oríṣi mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ wọn ń ṣe. Kékeré, mílíọ̀nù mẹ́rin. Àárín, mílíọ̀nù mẹ́fà. Gàgàrà, mílíọ̀nù mẹ́sàn-án, èyí tí àwọn èèyàn máa ń jókòó sínú ẹ̀ ya fọ́tò kí wọ́n tó lọ ra Kékeré. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ẹnu-Oyin. Wọ́n ní ó lè ta bàtà fún ejò.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá pe àwọn òǹtajà jọ, ó ka lẹ́tà fún wọn. Lóṣù tó ń bọ̀, Àárín máa yí padà: iná iwájú á di pẹlẹbẹ, kámẹ́rà á wà lẹ́yìn, iye owó ò sì ní lé. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú ti àtijọ́, irinwó ẹgbẹ̀rún máa kúrò lórí ẹ̀. Ọ̀gá ní kí wọ́n má tíì sọ fún oníbàárà. Ẹnu-Oyin ṣírò. Mọ́tò kan péré ló kù kí iye tí wọ́n bù fún un lóṣù náà pé. Bó bá pé, ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún á wọ àpò rẹ̀, owó ilé ìwé ọmọ rẹ̀ sì ti tó san.

Ọjọ́ kejì ni olùkọ́ tó kọ́ ọ ní ìṣirò wọlé, tòun ti owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀. Bàbá ti kọjá ilé ìtajà méjì, nítorí pé ọmọ tóun kọ́ wà níbí. Ó fọwọ́ kan Àárín.

"Ọmọ mi, ṣé tuntun ni?"

"Tuntun gbáà ni, sà. Ẹ ò rí ọ̀rá lára ìjókòó?"

Irọ́ kọ́. Ẹnì kankan ò tíì wà á rí. Ṣùgbọ́n tuntun méjì ló wà: tuntun tí wọn ò tíì lò, àti tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bàbá bèèrè ọ̀kan, Ẹnu-Oyin fi èkejì dá a lóhùn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bàbá ò tilẹ̀ ná ọjà. Ó ní ta ló ń bá ọmọ ẹni nájà, ó sì san mílíọ̀nù mẹ́fà náà pé.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, Àárín tuntun ti ń sáré kiri ìgboro. Ẹnu-Oyin rí bàbá tó ń páàkì níta, ó wá ibi tó máa sá gbà, ṣùgbọ́n gíláàsì ni gbogbo ara ilé. Bàbá wọlé, ó jókòó. Ó ní ọkọ ọmọ òun obìnrin ń fi òun rẹ́rìn-ín nídìí oúnjẹ, pé èérún ọjà tí irinwó ẹgbẹ̀rún ti kúrò lórí ẹ̀ ni wọ́n tà fóun. Òun sì ti fún un lésì pé ọmọ tóun kọ́ ò ní mọ̀ kó má sọ.

"Mo ti ṣe onígbọ̀wọ́ ẹ. Ẹnu ẹ ni mo kàn fẹ́ gbọ́. O ò mọ̀, àbí?"

"N ò mọ̀, sà" ti wà lórí ahọ́n ẹ̀. Ó bá tajú kán wo mọ́tò níta. Bàbá ò tíì yọ ọ̀rá kúrò lára ìjókòó.

"Mo mọ̀, sà."

Bàbá ò bínú. Ojú ló tì í, bí ẹni pé òun gan-an ló jalè, ìyẹn ló sì mú kí Ẹnu-Oyin fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. Bàbá yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Èló lo rí níbẹ̀?"

"Ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún, sà."

"O gba irinwó lọ́wọ́ mi kí o lè rí ọgọ́ta. Ìṣirò tí mo kọ́ ẹ kọ́ nìyẹn."

Ẹnu-Oyin yá ọgọ́ta lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn ló kọ́kọ́ kó fún bàbá. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lóṣooṣù ló fi san ìyókù, fún oṣù mẹ́wàá. Báírò pupa tí bàbá fi ń máàkì iṣẹ́ wọn láyé ọjọ́un náà ló fi ń kọ rìsíìtì.

Lóṣù kẹwàá, bàbá kọ "Ó pé" sí i, ó nà án sí i.

"O ṣeun, ọ̀gbẹ́ni."

Ẹnu-Oyin rọra ká ìwé náà. Ó dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, bóyá bàbá á pe òun lọ́mọ. Kò pè é.