Ohùn Tó Ń Kí Wọn Káàbọ̀

Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni mò ń tà ní Ìkirè, ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì tí àwọn oní-dòdò ti ń sáré tẹ̀ lé mọ́tò. Mi ò kì í fi Windows sínú wọn. Linux, ètò mìíràn tó ń mú kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́, ni mo máa ń fi síbẹ̀, torí pé ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀rọ tí Windows bá sì ti sọ di arúgbó, Linux á tún gbé e nàró. Àwọn ará ìlú ń pè é ní Windows Ìkirè, bí ẹni pé èmi ni mo lọ rọ ọ́ lágbẹ̀dẹ.

Ohun kan ló fẹ́ ba ọjà náà jẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Linux tí mo ń lò kì í fọhùn tó bá ń ṣí. Àwọn tí etí wọn ti mọ́ orin Windows á tan án, wọn ò ní gbọ́ nǹkan kan, wọ́n á ní ó ti kú, wọ́n á gbé e padà wá bá mi. Mo máa ń jágbe mọ́ wọn, torí mi ò ní sùúrù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó jẹ́ tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké, ló ní kí n yé pariwo. Ó ní, "Ẹni tó wọlé rẹ tí o ò kí, ṣé kò ní padà sẹ́yìn ni?" Ló bá sọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ohùn tó fi ń bá kíláàsì rẹ̀ sọ̀rọ̀ gan-an ló lò: "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jókòó, ẹ fara balẹ̀."

Nínú iṣẹ́ wa, ẹ̀rọ kan ṣoṣo lèèyàn máa ń tò dáadáa, á wá da gbogbo ohun inú rẹ̀ kọ sínú àwọn tó kù. Mo ṣètò ti ẹ̀gbọ́n mi kí ohùn náà máa dún bó bá ti ń ṣí, òun ni mo sì ń dà kọ. Bí ohùn rẹ̀ ṣe wọ gbogbo ẹ̀rọ tí mo tà nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó tún gbé ẹ̀rọ padà mọ́.

Àìsàn ráńpẹ́ ló pa á lọ́dún tó kọjá. Òbí kì í rí sàréè ọmọ, nítorí náà a ò jẹ́ kí màmá wa kúrò ní Àpòmù lọ́jọ́ ìsìnkú. Àwọn àgbà ìdílé ní ká kó gbogbo nǹkan rẹ̀ kúrò níwájú màmá, fọ́tò, aṣọ, títí dórí bàtà tó fi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni wọ́n rán. Mo kó wọn, omi ń dà lójú mi.

Lọ́jọ́ tí mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo tan ẹ̀rọ kan fún oníbàárà. "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jókòó, ẹ fara balẹ̀." Oníbàárà jókòó ní tirẹ̀, èmi sá jáde. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń kí àwọn èèyàn nínú yàrá wọn káàkiri Ìkirè àti Gbọ̀ngán, àti ní Àpòmù pàápàá, nínú ilé tó fẹ̀gbẹ́ kan ilé màmá mi. Màmá ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Mo gbà pé tó bá gbọ́ ọ, yóò pa á ni.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé, mò ń purọ́ pé àtúnṣe ọ̀fẹ́ ni mo bá wá. Ní ilé kọ̀ọ̀kan, ó ní láti kí mi káàbọ̀ kí n tó lè pa á rẹ́. Tí mo bá ń padà bọ̀, mo ṣì máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìn mi lójú ọ̀nà. Ẹ̀rù ẹ̀gbọ́n mi wá ń bà mí, èmi tí òun fúnra rẹ̀ pọ̀n dàgbà. Mo pa èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀ náà rẹ́, kí n má baà máa yọ́ lọ gbọ́ ọ.

Ilé Àpòmù ni mo fi ṣe ìkẹyìn. Àlàájà tó ń fi ẹ̀rọ náà tẹ̀wé fún àwọn ará àdúgbò ní, "Ẹ dúró ná, ṣé ẹ ti bá màmá sọ̀rọ̀?" Mo já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu: "Àlàájà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n ṣiṣẹ́ mi." Mo pa á rẹ́. Kò sí ibòmíràn tó kù mọ́. Àlàájà káwọ́ lérí.

Kò pẹ́ sígbà náà ni màmá mi wọlé, ó wé gèlè, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ dání. Kò yà á lẹ́nu pé ó bá mi níbẹ̀.

"Àràárọ̀ ni mò ń wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ lè ní kí n jókòó," ó wí. "Wọ́n ní n ò gbọdọ̀ rí sàréè ẹ̀, n ò rí i. Ẹ kó fọ́tò ẹ̀ lọ, n ò janpata. Kò sẹ́ni tó ní n má gbọ́ ohùn ẹ̀. Àlàájà, bá mi tan án."

Àlàájà wò mí, mo wolẹ̀. Ó tan ẹ̀rọ náà. Màmá gbé àpótí rẹ̀ kalẹ̀, ó dúró tì í, ó ń retí. Ẹ̀rọ náà ṣí tán pátápátá. Màmá ṣì wà lóòró.

Mo ní, "Màmá, ẹ jókòó."

Ó ní, "Ìwọ kọ́."