Òjò Òkun Lọ́jọ́ Ìsìnkú Àṣàkẹ́

Ọjọ́ tí a sin Àṣàkẹ́ ìyàwó mi ní Kétu ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi.

Ní àárọ̀, rédíò sọ pé ìkùukùu ńlá ti wọ́ jọ lórí òkun, afẹ́fẹ́ sì ń gbá a bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Òjò líle yóò dé kí ilẹ̀ tó ṣú. A ti gbẹ́ sàréè tán. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ ni kí ìyàwó mi sùn sínú ilẹ̀ gbígbẹ. Ṣùgbọ́n ọkọ kì í sin aya kí ẹbí aya tó pé, àwọn ẹbí rẹ̀ tó ń bọ̀ láti ìlú Adakplamè kò sì tíì dé.

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká sin ín. Òjò ń ti orí òkun bọ̀."

Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Òkun wo ló wà ní Kétu? Nígbà tí o wá tọrọ rẹ̀, ṣebí o dúró de ẹbí? Dúró báyìí náà."

Wọ́n dé ní ìrọ̀lẹ́, òjò sì bá wọn dé. Omi kún sàréè. Bí a ti sọ pósí kalẹ̀, ó léfòó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pariwo: "Àna, bọ́ sínú ihò, fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀!"

Mo bọ́ sínú omi, ṣùgbọ́n n kò fẹsẹ̀ tẹ ìyàwó mi. Mo dojú bolẹ̀ lórí pósí náà, mo dì í mú títí tó fi rì.

Òjò náà ṣe àgbàdo gbogbo ìlú lóore. Bí àwọn aládùúgbò bá ń dúpẹ́ rẹ̀ lójú mi, mo máa ń wọlé lọ.