Ìpéǹpéjú Ìyá Mi

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn pílásítà, ojú mi ọ̀tún á ta mí. Ní ọdún tí mò ń múra sílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ ojú mi ẹlẹ́ẹ̀kejì, pílásítà ni mo fi ń lẹ ìpéǹpéjú náà mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí n tó lè sùn, nítorí kò lè pa dé fúnra rẹ̀ mọ́. Dókítà àkọ́kọ́ ti gé e jù. Kò sì sí ẹni tí mo lè dá lẹ́bi. Èmi ni mo wá a lọ sí Èkó, èmi ni mo sanwó fún un, èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé pé kó gé e. Àfọwọ́fà pátápátá ni.

Kì í ṣe àìsàn ló gbé mi débẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi ni ìpéǹpéjú mi ti wúwo, tó ń sọ̀ kalẹ̀ bo ẹyinjú dé ìdajì, bíi ti ẹni tí oorun ń kùn. Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti jogún rẹ̀. Ìyá mi jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìdànrè kó tó fẹ̀yìn tì sí Aládé, níbi tí oko kòkó tí bàbá mi fi sílẹ̀ wà, kò sì sí ibi tí mo lè gbà kọjá nílùú wa tí ẹnìkan kò ní tọ́ka sí mi pé ọmọ Tíṣà Àgbà nìyẹn. Ẹni bíni là á jọ, wọn á ní. Lójú ìyá mi, ìpéǹpéjú yẹn wuyì. Bó bá rọra gbé e sókè wo ọmọ ilé-ìwé tó ṣẹ̀, ọmọ náà á ti jẹ́wọ́ kí ó tó bi í léèrè ohunkóhun. Ní tèmi, olójú-oorun ni wọ́n ń pè mí. Orúkọ náà bá mi dé girama, ó bá mi dé yunifásítì, nígbà tí mo sì di òṣìṣẹ́ báńkì ní Àkúrẹ́, oníbàárà kan na ọwọ́ sí mi níwájú gbogbo èèyàn, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Àǹtí yìí lọ sùn ná, kí ẹlòmíràn wá dá mi lóhùn." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn náà ni mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, mo dúró níwájú dígí, mo fi ìka méjì gbé ìpéǹpéjú mi sókè, mo sì sọ fún ara mi pé, "Báyìí ló yẹ kó rí."

Ẹni ọgbọ̀n ọdún ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n ọgbọ́n mi ò tó ti ọmọ ọdún mẹ́wàá. Mo gbà pé ìpéǹpéjú yẹn ni kò jẹ́ kí n rí ọkọ, òun ni kò jẹ́ kí wọ́n gbé mi sípò lẹ́nu iṣẹ́, bóyá òun náà ló sì fà á tí òjò fi máa ń rọ̀ lọ́jọ́ tí mo bá ṣe irun tuntun. Nínú fóònù mi, ohun kan wà tó máa ń tún ojú èèyàn ṣe nínú fọ́tò. N kì í ya fọ́tò láìlò ó. Àwọn tí mo ti yà tẹ́lẹ̀, mo pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ilé tèmi jó, eérú ni mo bá níbẹ̀. Nígbà tí wíwú iṣẹ́ abẹ Èkó lọ tán, ojú òsì ṣeé wò díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀tún ti fà sókè, funfun rẹ̀ yọ lókè àti nísàlẹ̀, ó ń pọ́n, ó ń ṣomi, afẹ́fẹ́ kékeré kan sì tó láti mú kó máa ta mí bí ata. Àwọn tó ń bi mí tẹ́lẹ̀ pé ṣé mo sùn, wọ́n wá ń bi mí pé ta ló ń lé mi.

Ìgbà Kérésì ni mo tó lọ sílé. N ò sọ nǹkan kan fún ìyá mi ṣáájú. Mo bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo kúnlẹ̀ kí i. Ó dìde, ó sún mọ́ mi, ó tún sún mọ́ mi sí i, títí èémí rẹ̀ fi ń fẹ́ sí mi nímú. Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó wò mí pẹ́. Mo rò pé ìbínú ni.

"Kí ni mo ṣe fún ẹ," ó bi mí, "tí o fi gé mi kúrò lójú rẹ?"

Ó yẹ kí n bẹ̀ ẹ́ nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n ìtìjú tó bá pọ̀ jù a máa sọ èèyàn di aláfojúdi. Mo dáhùn pé, "Màmá, ojú yín yìí ni kò jẹ́ kí ayé mi dáa."

Ó yí padà, ó fọwọ́ tọ́ ògiri wọ yàrá lọ. Lọ́jọ́ kejì ọdún ni mo padà sí Àkúrẹ́, n ò sì fẹsẹ̀ tẹ Aládé mọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án gbáko. A máa ń pe ara wa lórí fóònù, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń dáhùn ìpè orúkọ ní kíláàsì ni. Ṣé o ti jẹun? Mo ti jẹun, Màmá. Ó dáa, ó dàárọ̀.

Láàárín oṣù wọ̀nyẹn ni mo rí dókítà kejì ní Ìbàdàn, obìnrin àgbà kan tí kì í sáré sọ̀rọ̀. Dókítà ojú ni kó tó di pé ó ń tún ìpéǹpéjú ṣe. Ó wo ojú mi títí, kò bú ẹni tó ṣe é, ó kàn mí kanlẹ̀. Ó ní àpá gbọ́dọ̀ rọ̀ ná kí òun tó fọwọ́ kàn án, pé kí n máa fi ìka rọra ra á láàárọ̀ àti lálẹ́, kí n má mu àgbo kankan, kí n má lo oògùn ara ríro tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn jù. Awọ díẹ̀ ni òun yóò mú lẹ́yìn etí mi láti fi dí ibi tí wọ́n gé jù. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbà, tí mo sì ń ṣe bí òfin. Ìgbà tó wá ní kí n mú fọ́tò ojú mi àtijọ́ wá, kí òun lè mọ bí Ọlọ́run ṣe dá a, ni mo tó mọ ohun tí mo ti ṣe. Mo wá inú fóònù, mo wá ilé. Èyí tí n kò bá fi fóònù tún ojú ṣe níbẹ̀, mo wọ awò dúdú.

"Ta lo jọ nínú ilé yín?" ó bi mí.

"Ìyá mi."

"Mú un wá. Mo fẹ́ rí bí tirẹ̀ ṣe ń ṣí, àti bó ṣe ń pa dé. Ojú ìyá ẹ ni n ó fi wọn tìẹ."

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ọ̀rọ̀ náà fi wà nínú mi. Báwo ni èèyàn ṣe ń padà lọ yá ohun tó ti pè ní ohun burúkú? Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo gun ọ̀kadà láti Ìdànrè dé Aládé. Àsìkò kòkó ni, òórùn kíkan rẹ̀ gba gbogbo àdúgbò. Ìyá mi jókòó ti kòkó tó sá síwájú ilé, ó ń fọwọ́ yí i padà. Mo kí i. Ó gbé orí sókè, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ mi ló kọjú sí.

"Ta nìyẹn?"

Ọ̀rọ̀ náà gún mi. Mo rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ mí. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbóná níbẹ̀, mo ní, "Èmi ni, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí."

"Dìde," ni ó wí. "Ta ló ní kí o kúnlẹ̀ sínú oòrùn?"

Nígbà tí mo ṣàlàyé ohun tí dókítà sọ, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré tó máa ń rín bí ọmọ kíláàsì rẹ̀ bá kùnà ìṣirò tó rọrùn. "Ojú tó ba ayé ẹ jẹ́ náà lo tún wá yá? Kò burú. Bó bá ti wúlò fún ẹ, a ó lọ."

Mo lo ọjọ́ méjì lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo rí i tó da omi sí ẹ̀gbẹ́ ife. Mo rí ọgbẹ́ lójúgun rẹ̀, ó ní òun kọ lu àga. Nígbà àdúrà, kò ṣí Bíbélì, ó ka Sáàmù láti orí láìfo ọ̀rọ̀ kan, mo sì ń yìn ín nínú ọkàn mi pé orí ìyá mi pé bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Gbogbo rẹ̀ ni mo rí. N kò rí ọ̀kankan.

Ní Ìbàdàn, dókítà mú ìyá mi jókòó, ó fi rúlà kékeré wọn ìpéǹpéjú rẹ̀, ó ní kó ṣí i, kó pa á dé. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ wọn, inú mi ń dùn bí ẹni tó mú ẹ̀rí wá sí kóòtù. Lẹ́yìn náà ló tan iná sí ẹyinjú rẹ̀. Ó tan án sí ọ̀tún, ó tan án sí òsì, ó tún padà sí òsì. Ó fi rúlà sílẹ̀.

"Màmá, ìka mélòó ni mo nà sókè yìí?"

"Ìka dà?" ni ìyá mi wí.

Wọ́n mú un lọ sí yàrá kejì. Wọ́n fi ẹ̀rọ wọn agbára omi inú ẹyinjú rẹ̀, wọ́n ní kó máa tẹ bọ́tìnnì bó bá rí iná tó ń ṣẹ́jú. Ó jókòó síbẹ̀ pẹ́, kò tẹ bọ́tìnnì náà púpọ̀. Nígbà tí dókítà pè mí wọlé, ó sọ ọ́ láìfi nǹkan pa mọ́. Omi inú ẹyinjú ló ti ń fún iṣan ìríran pa láti ìgbà pípẹ́. Ojú òsì ti lọ. Ọ̀tún kù díẹ̀, bí ẹni tó ń yọjú nínú ihò kọ́kọ́rọ́. Èyí tó ti kú nínú iṣan náà kò ṣeé jí dìde. Kí wọ́n fi oògùn àti iṣẹ́ abẹ di ìyókù mú ni ó kù, bó bá ṣeé ṣe.

Mo kọjú sí ìyá mi. Ohùn mi le, nítorí ẹ̀rù ń bà mí. "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún ẹ," ó dáhùn wẹ́rẹ́. "Mo ní n ò ríran dáadáa mọ́. O ní ìpéǹpéjú mi ló wúwo, pé ká gé e."

Lóòótọ́ ni. Orí fóònù ni, ní ọdún tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ Èkó. Mo wà níwájú dígí mi, mo sì sọ ọ́ bí àwàdà. Mo ti gbàgbé pátápátá. Òun ò gbàgbé. Níbẹ̀ náà ni ìtumọ̀ ọjọ́ Kérésì yẹn yé mi: kì í ṣe ìbínú ló mú un sún mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀, ó ń wá mi ni. Ojú mi tí ó rí kẹ́yìn dáadáa láyé yìí, èyí tí wọ́n bà jẹ́ ni.

Mo ní n kò ṣe iṣẹ́ abẹ mọ́, kí wọ́n fi gbogbo ohun tí mo ti kó jọ tọ́jú tirẹ̀. Ó kọ̀. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ó di ọwọ́ mi mú, ó fi ẹ̀ka èdè Ìdànrè wa bá mi sọ̀rọ̀, bó ṣe máa ń ṣe bó bá ti kọjá ọ̀rọ̀ tíṣà. Ó ní ojú tí kì í pa dé, ojú tó ń lọ sí ìfọ́jú ni. Pé nínú ilé kan, afọ́jú kan ti tó.

Wọ́n ṣe tirẹ̀ ṣáájú tèmi. Iṣẹ́ abẹ náà kò ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọjọ́ tèmi fi máa pé, ibi tí fèrèsé wà àti ibi tí ògiri wà nìkan ló ń mọ̀ nínú yàrá. Síbẹ̀ ó bá mi lọ, ó sì jókòó ti bẹ́ẹ̀dì mi. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì, tí mo pa ojú mi ọ̀tún dé fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ohun tó lé ní ọdún kan, ó bi nọ́ọ̀sì pé, "Ṣé ó jọ tèmi?"

Nọ́ọ̀sì wò wá, ó ní, "Ó jọ tiyín, Màmá."

Mo bú sẹ́kún. Ìyá mi gbọ́, ó fi ọwọ́ wá èjìká mi. "Ó tó," ó ní. "Má jẹ́ kó tún wú."

Ọ̀dọ̀ mi ní Àkúrẹ́ ló ń gbé báyìí. Àwọn èèyàn ń sọ fún mi pé ojú mi ti dára, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í wọlé mọ́ bó ṣe yẹ kó wọlé nígbà kan. Àwọn àgbà ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Èmi ni mo ní ojú ní ọdún wọ̀nyẹn, mo sì fi gbogbo rẹ̀ wo ara mi. Ìríran ìyá mi ti lọ tán, ṣùgbọ́n oògùn kò gbọ́dọ̀ dúró, kí ẹyinjú má baà máa ro ó. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo máa ń fi àtàǹpàkò gbé ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè, mo sì mọ gbogbo ìlà tó wà lára rẹ̀ báyìí, èyí tó jìn àti èyí tó tẹ́, àti àmì dúdú kékeré kan nígun ọ̀tún tí n kò mọ̀ rí pé ó wà níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo dì í mú pẹ́ jù, oògùn sì wà lọ́wọ́ mi kejì.

"Kí lò ń dúró ṣe?" ni ó bi mí.

"Mò ń wo ojú yín ni, Màmá."

"O pẹ́ kí o tó wò ó," ni ó wí.

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó kàn tẹ orí sẹ́yìn, ó ń dúró de oògùn.